Pépà Lọ́tọ̀, Dátà Lọ́tọ̀: Ìdáhùn sí Àwọn Ìbéèrè tí Ẹ Kì í Yéé Bi Mí

Ìbéèrè: Pépà mi ti jáde nínú jọ́nà. Ṣé dátà mi náà ti jáde nìyẹn?
Ìdáhùn: Rárá o.

Ìbéèrè: Mo kọ sínú pépà pé kí ẹni tó bá fẹ́ dátà kọ̀wé sí mi. Ṣé kò tó ni?
Ìdáhùn: Kò tó. Ímeèlì á yí padà, kọ̀ǹpútà á bàjẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ibi tí fáìlì wà á ti gboyè lọ. Ẹ gbé e sí ibi ìkó-dátà-sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi Zenodo, Dryad tàbí Figshare, kó ní DOI tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà. DOI pépà kì í ṣe ti dátà. Mo ti sọ èyí títí ẹnu fi ń ro mí.

Ìbéèrè: Mo gbé dátà síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Ṣé kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀ nìyẹn?
Ìdáhùn: Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ní jọ́nà, àwọn olùyẹ̀wò á máa bá yín fa ọ̀rọ̀ inú pépà. Ní Zenodo, ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ bọ́tìnnì. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jọ́nà dátà wà, bíi Scientific Data tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Wọn ò ní bi yín pé kí lẹ rí. Bí ẹ ṣe kó dátà jọ àti bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ìbéèrè: Mo rí àṣìṣe. Ṣé kí n pa fáìlì rẹ́?
Ìdáhùn: Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ gbé ẹ̀dà tuntun jáde, kí ẹ sọ ohun tó yí padà.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ṣírò dátà mi, ohun tó rí ò bá ti pépà mi mu.
Ìdáhùn: Lórí èyí, ojú mi rí màbo. Òǹkàwé kan kọ̀wé pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí tí òun rí nínú dátà mi jẹ́ 70, bẹ́ẹ̀ 41 ni mo kọ sínú pépà. Inú bí mi. Mo tún ìṣirò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, 41 náà ni. Díẹ̀ ló kù kí n bú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó wa fáìlì tí mo gbé jáde wálẹ̀ bí àlejò, tí mo sì ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi 999 nínú kọ́lọ́ọ̀mù ọjọ́ orí! Ta ló pé ẹgbẹ̀rún ọdún dín kan? Àmì ẹni tí kò dáhùn ni. Prógíráàmù mi ń yọ ọ́ kúrò, gbogbo àwa tá a jọ ṣiṣẹ́ mọ̀, a ò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ẹni tó ka pépà ò nílò rẹ̀. Ẹni tó gba dátà, òun gan-an ló máa ṣírò.

Mo tún un ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: àwọn ọ̀wọ́ tí mo pè ní SEP1 àti MAR2 ti di ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣí fáìlì dátà náà (CSV) nínú Excel láti tún àkọlé kan ṣe, mo sì sévù rẹ̀. HGNC tó ń fún jíìnì ènìyàn lórúkọ pàápàá gbà fún Excel ní 2020: SEPT1 di SEPTIN1, MARCH1 di MARCHF1.

Nítorí náà, ẹ kọ README, ìyẹn fáìlì àlàyé tó ń bá dátà rìn: ìtumọ̀ kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n rẹ̀, àmì ohun tí kò sí. Ẹ so prógíráàmù yín mọ́ ọn. Kí ẹni tí kò bá yín ṣiṣẹ́ sì kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Dátà aláìsàn ni tèmi, àmọ́ mo ti yọ orúkọ wọn.
Ìdáhùn: Ẹ dúró ná. Ní 2000, onímọ̀ kọ̀ǹpútà Latanya Sweeney fi hàn pé ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò tó láti dá nǹkan bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ yàtọ̀. Ìpíndọ́gba ni pépà ń gbé jáde. Dátà ń gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan síta. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe. Ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ tó fún yín láṣẹ ìwádìí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.