Bí Omi Bá Wọlé, Ẹ Má Tíì Ra Ọ̀dà

Iṣẹ́ birikìlà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Bí òjò bá ti dé, ohun kan náà ni wọ́n fi ń pè mí ṣáá: "Ẹ gbà wá o, omi ti ba ògiri wa jẹ́." Bí mo bá fi máa débẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á ti ra ọ̀dà sílẹ̀ dè mí. Ọ̀dà kẹ̀! Iṣẹ́ pọ̀ kó tó kan ọ̀dà.

Iná lẹ kọ́kọ́ máa wò. Bí omi bá ti ga dé ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí tó ń kán láti ìdí gílóòbù, ẹ má wọ inú omi lọ pa iná. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó gé e láti ìta. Fíríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n tí omi bá wọ̀, ẹ má kì í bọ iná pé ẹ fẹ́ dán an wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún un ṣe kọ́kọ́ tú u. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé nítorí pé ẹ fẹ́ fi fáànù gbẹ ilé. Èéfín rẹ̀ lè pa gbogbo ará ilé sójú oorun.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé alámọ̀, ẹ gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ nílùú wa, amọ̀ ni inú ògiri wọn, símẹ́ǹtì la kàn fi rẹ́ ojú rẹ̀. Tí àgbàrá bá gba ibẹ̀ kọjá, omi á yọ́ gba ẹ̀yìn símẹ́ǹtì wọlé, amọ̀ ìsàlẹ̀ á rọ̀, síbẹ̀ ojú ògiri á dán bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ilé bẹ́ẹ̀ lè dúró digbí nígbà tí omi wà nílẹ̀, kó wá wó lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí gbogbo èèyàn ti ní ewu ti kọjá. Ẹ wo igun fèrèsé bóyá ó ti là ní ìdábùú. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn tó máa ń padé wọ́ọ́rọ́wọ́ ti ń há, tàbí ògiri ti yọ ikùn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ kó ọmọ jáde, ẹ má sì padà wọlé torí àpótí aṣọ.

Bí ilé bá dúró dáadáa, ẹrẹ̀ ló kàn. Ẹ kó o nígbà tó ṣì tutù, torí bó bá gbẹ, ṣọ́bìrì nìkan ò ní ká a mọ́. Ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́: omi tó gba ẹ̀yìnkùlé àdúgbò kọjá ti kó ìdọ̀tí ṣáláńgá dání. Ẹ fi ọṣẹ fọ ilé láti òkè wá sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da ife bílíìṣì kan sínú omi lítà mẹ́rin, kí ẹ fi nu ibi tí omi dé, kí fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o, afẹ́fẹ́ tó máa jáde níbẹ̀ ń ṣekú pani. Fóòmù tó mu omi, ẹ gbé e jù nù. Gààrí àti ìrẹsì tí omi kàn, ẹ dà á nù, bó ti wù kó dun yín tó. Tí àgbàrá bá wọ kànga, ẹ má mu ún títí wọn yóò fi fa omi inú rẹ̀ gbẹ, tí wọ́n á sì po oògùn sí i.

Ó wá kan ògiri, iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn.

Ihò inú búlọ́ọ̀kù máa ń gba omi mọ́ra. Ojú ògiri lè gbẹ kí omi ṣì wà nínú. Nítorí náà, níbi tí omi bá ga dé, ẹ jẹ́ kí a fi ṣísẹ́lì gbẹ́ símẹ́ǹtì rírẹ́ kúrò títí kọjá ojú ìlà náà ní bíi ẹsẹ̀ bàtà kan, kí a sì lu ihò kéékèèké sí ìdí búlọ́ọ̀kù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà míì, bí a bá ti yọ irin ìlu, omi pupa á máa tẹ̀lé e. Kí atẹ́gùn wá máa fẹ́ sí i. Bí ó bá ń yọ nǹkan funfun bí iyọ̀, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, ó ń wọlé padà ni.

Lẹ́yìn omíyalé 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, mo ṣiṣẹ́ fún ìyá kan ní ọ̀nà Odò Ọnà. Ọmọ rẹ̀ ti bímọ, ìsọmọlórúkọ ti sún mọ́lé, ó ní kí n yára kun pálọ̀.

"Ìyá, ògiri yìí ò tíì gbẹ o," mo wí fún wọn.

"Birikìlà, ọwọ́ mi nìyí lára ẹ̀, ó gbẹ! Àbí o fẹ́ sọ owó di méjì ni?"

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀rá kan tí kò lu. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti ṣù wínníwínní sí inú ọ̀rá náà. Ìyá dúró tì í, wọ́n ní, "Háà! Ògiri ń làágùn." Aṣọ ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi bo ògiri náà lọ́jọ́ ìkómọ.

Ẹ̀yin náà ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ọn. Bí kò bá làágùn mọ́, ẹ wá jẹ́ ká tún un rẹ́. Rírẹ́ tuntun náà nílò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀dà olómi ni kí ẹ kùn, ẹ má kun olóròóró tó ń dán: ó ń dí ògiri lẹ́nu ni, yóò sì wú kúlúkúlú.

Bí ògiri bá ń rẹ lọ́dọọdún láti ìsàlẹ̀ láìsí àgbàrá, wọn ò tẹ́ ọ̀rá dúdú tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gun ògiri sórí ìpìlẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, owó gidi ló ń gbà.

Omi tó ń ti òkè wá ló ń tan èèyàn jù. Ibi tó ti ń kán sí yàrá kì í sábà jẹ́ ibi tí páànù ti lu, torí ó ń tọ igi òrùlé wá ni. Ẹ jẹ́ kí kàfíńtà wọ inú àjà lọ́sàn-án gangan, kó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ibi tí oòrùn bá ti yọjú, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ìdí ìṣó tí rọ́bà rẹ̀ ti já ló sábà máa ń jẹ́. Nílé tí wọ́n fi kọ́ńkéré yí òrùlé ká, ewé àti bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ló ń dí ojú ọ̀nà omi. Ẹ kó o kúrò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Bí àjà bá ti wú, tó gbé omi ró, ẹ gbé báàfù sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi ìṣó gún ibi tó sọ̀ jù. Àmọ́ bó bá jẹ́ àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ má fọ́ ọ ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ yọ ìṣó rẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi, kí ẹ fi ọ̀rá dì í.