Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Da Pàṣípààrọ̀ Káàdì Baseball Rú

Láàrin àwọn tó ń kó káàdì baseball jọ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn páálí kékeré tó ní àwòrán agbábọ́ọ̀lù baseball, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ síra wọn ṣe pàṣípààrọ̀, olè kọ́ ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ ló fi káàdì tó dáa ránṣẹ́, àmọ́ tí káàdì náà ká kó tó débẹ̀.

Ìdí rèé tó fi yẹ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń dì í. Ẹ má ti káàdì bọ inú toploader, ìyẹn àpò ike líle tí wọ́n ń fi káàdì sí, ní ìhòòhò, torí ike líle yẹn á ha ojú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní penny sleeve wọ̀ ọ́. Etí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Tí igun rẹ̀ bá ń há sẹ́nu ọ̀rá, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ẹnu ọ̀rá náà díẹ̀ níbi igun, kó lè yọ̀ wọlé. Igun tó bá ti rọ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́. Toploader 35pt wà fún káàdì lásán (pt ni wọ́n fi ń wọn bí káàdì ṣe nípọn tó). Èyí tí wọ́n lẹ ègé aṣọ agbábọ́ọ̀lù mọ́ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gba 130pt. Ẹ má fipá tì í.

Ẹ má fi sẹ̀lótéèpù dí ẹnu toploader. Kì í ṣí bọ̀rọ̀, ẹni tó gbà á á wá mú ọ̀bẹ, ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ti ń kan káàdì. Téèpù búlúù táwọn tó ń kun ilé ń lò ló dáa. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ po díẹ̀, kí ẹni náà lè rí ibi tó máa dì mú fà á. Ẹ wá fi toploader náà sáàárín páálí méjì, kí ẹ sì tì í bọ inú àpòòwé tí wọ́n fi ọ̀rá alátẹ́gùn tẹ́ nínú. Ẹ̀rọ tó ń ṣa lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ń tẹ àpòòwé lásán kọdọrọ. Bí káàdì bá pọ̀, ẹ má fi rọ́bà so wọ́n. Á jẹ etí wọn wọlé.

Àṣìṣe mìíràn ni kéèyàn ya fọ́tò iwájú nìkan. Ẹ yọ ọ́ nínú ọ̀rá, ẹ ya ẹ̀yìn náà, kí ẹ sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ iná, torí ojú ìká tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í hàn tí ẹ bá yà á láti òkè gbọnrangandan. Ẹ sọ àbùkù rẹ̀ kí wọ́n tó bi yín.

Ní ti iye, iye tí ẹnìkan kọ sára ọjà rẹ̀ kì í ṣe iye tó tà á. Iye tí wọ́n ti ta irú rẹ̀ gan-an láìpẹ́ ni kí ẹ wò. Ẹ má sì rò pé gbogbo káàdì àtijọ́ ló wọ́n: èyí tí wọ́n tẹ̀ láti nǹkan bí 1987 sí 1993 pọ̀ bíi yanrìn, débi pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tó owó ìfiránṣẹ́.

Ẹ tún má gba káàdì olówó gọbọi láìwọ̀n ọ́n. Káàdì Mickey Mantle, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù baseball, tí ilé iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1952, nọ́ńbà 311, fẹ̀ ní ínǹṣì 2⅝, ó ga ní 3¾. Tí èyí tí wọ́n fẹ́ fún yín bá jẹ́ 2½ sí 3½ bíi káàdì òde òní, ẹ̀dà ni, tàbí kí wọ́n ti gé e.