Bí a ṣe tọ ipasẹ̀ Baba onífọ́tò ní Ilé-Ifẹ̀

Baba tó kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́ fọ́tò ti kú tipẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ palẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ mọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo páálí kan kí wọ́n tó dáná sun ún. Fíìmù ló kún inú rẹ̀, èyí tí Baba fi kámẹ́rà olójú méjì yà. Omi ti wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra pinpin. Méjì péré ló ṣeé wò. Fọ́tò 12 ni fíìmù kan ń gbà, ìyẹn ni pé 24 la rí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kọ́ṣẹ́ wá ní a óò wá ibi tí Baba dúró sí rí, ká ya ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

A tan ojú tábúlẹ́ẹ̀tì funfun báláú, a tẹ́ fíìmù lé e, a yà á, a sì fi kọ̀ǹpútà sọ dúdú di funfun, funfun di dúdú, torí òdì ni fíìmù máa ń gbé wọn. Ìyẹn ò le.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn la fi bẹ̀rẹ̀, torí òkúta kì í ṣí lọ. Odidi àárọ̀ ni mo fi ń sún síwájú, tí mo ń sún sẹ́yìn, tèmi ò bá ti Baba mu. Àwọn ìṣó irin tó wà lára òkúta náà ni mo fi ń díwọ̀n. Nínú ti Baba, etí òrùlé ilé ẹ̀yìn bọ́ sí ìṣó kan; nínú tèmi, ó ga ju ìṣó yẹn lọ. Ìgbà tó yá ni mo rántí bí ọ̀gá mi ṣe máa ń sín Baba jẹ: ikùn ni wọ́n ń gbé kámẹ́rà olójú méjì sí, wọn á wá tẹrí ba wo gíláàsì orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wo inú kànga. Mo sọ kámẹ́rà mi kalẹ̀ sí ìdodo. Òrùlé bọ́ sórí ìṣó rẹ̀ gẹ́lẹ́! Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, irú kámẹ́rà yìí lòun náà gbé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àṣé ìdodo ni wọ́n ti ń wo àwọn baba wa.

Ní Yunifásítì, kò gbà wá ní wákàtí kan. Àwọn ilé tí Arieh Sharon yàwòrán wọn, tí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ nítorí òòrùn àti òjò, ṣì wà bí Baba ṣe bá wọn. Igi ló ga sí i. “Yunifásítì Ifẹ̀” ni Baba kọ sára àpò fíìmù. 1987 ni orúkọ yẹn yí padà.

Àdúgbò Ìrẹ̀mọ ló fojú wa rí màbo. Fọ́tò títì ni, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lápá òsì, mọ́tò méjì ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ìwọ lo da fíìmù yìí dé. Ṣé o ò rí i pé apá òsì ni mọ́tò ń gbà ni?” Mo gbà fún un. Ó yí i padà lórí fóònù, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bọ́ sápá ọ̀tún, a sì fi ọjọ́ kan gbáko wá ilé tí kò sí níbì kankan. Ẹnìkan tilẹ̀ mú wa dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ká kúkú ya ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, a bá bàbá àgbàlagbà kan níwájú ṣọ́ọ̀bù atúnrédíòṣe. A dọ̀bálẹ̀, a gbé fóònù fún un. Ó na ọwọ́ jìnnà kó lè ríran dáadáa.

“Ta ló yí ilé wọn sódì báyìí?”

“Ẹ má bínú sà, mọ́tò ló ń gba apá òsì.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ṣebí òsì la máa ń gbà! Èmi yìí wa mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yí i sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn.”

Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sápá ọ̀tún. Baba ti ya tirẹ̀ kó tó dìgbà náà. Ojú tì mí, torí nọ́ńbà wà létí fíìmù gbọọrọ. Bí fíìmù bá dojú dé, nọ́ńbà náà á dojú dé. A ò tiẹ̀ wò ó.

Ilé náà ò jìnnà púpọ̀ sí ibi tá a dúró sí. Wọ́n ti yọ fèrèsé pákó, agboòrùn oníPOS ti bo ẹnu ọ̀nà. Mo dúró lẹ́bàá gọ́tà lápá òsì, kámẹ́rà nídodo. Ẹ̀yìn mọ́tò ló wà nínú fọ́tò Baba. Nínú tèmi, ọ̀kadà kan ló kọjú sí mi, ó ń bọ̀ tààrà, ó ń tẹ họ́ọ̀nù pé kí n yẹra.