Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tá a bá ń ra aṣọ iṣẹ́ àti ohun ààbò tí ò ní ba àyíká jẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa níbí, lọ́nà Ìlọrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, ihò kan wà tẹ́lẹ̀ tá a máa ń da pàǹtí sí. Ní Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, kí n tó jẹ́ kí wọ́n ṣáná sí i, mo dúró, mo wo ohun tó wà nínú ẹ̀ dáadáa: ìbọ̀wọ́ tó ti ya láàárín ìka, ìbomú bíi ogójì, bùùtù mẹ́fà tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti ṣí, ofaróòlù tó jẹ́ pé síìpù ẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Gbogbo ẹ̀, oṣù mẹ́rin ò tíì pé tá a rà á. Ó dùn mí gan-an, torí owó mi ni, èéfín ẹ̀ sì ń lọ bá àwọn ọmọ tó ń gbé lẹ́yìn wa. Jórinjórin ni mí, a ń ṣe géètì àti bọ́gúlárì, a sì máa ń kan páànù, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi, ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, díẹ̀ nínú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi, ìyókù ni mò ń rí lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti Takie dé Àràdà.

Èyí tó burú jù ni kí n kọ́kọ́ sọ: ká rí "eco", ìyẹn pé kò ní ba àyíká jẹ́, lára aṣọ ká wá gbàgbé iṣẹ́ tá a fẹ́ fi ṣe. Ẹnì kan gbé ofaróòlù wá bá mi, ó ní ike omi tí wọ́n yọ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ya ewé kan sí àyà ẹ̀, ó fúyẹ́, ó rẹwà, mo ra mẹ́fà. Òótọ́ ló sọ o, wọ́n máa ń fi ike omi ṣe pólíẹ́sítà, ó sì sàn ju kí ike yẹn dí gọ́tà lọ. Àmọ́ pólíẹ́sítà, ì báà jẹ́ tuntun ì báà jẹ́ àtúnlò, ike náà ni, inú epo rọ̀bì ló ti wá, ike tó bá sì rí iná á yọ́. Ọjọ́ kẹta tá a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi fílíǹgì máṣíìnì gé irin, iná tó ń ta jáde bà á lápá. Nígbà tí mo fa apá aṣọ yẹn sún mọ́ ojú mi, ihò wẹ́wẹ́ ló kún un, etí ihò kọ̀ọ̀kan le, ó ń dán, bí ẹnu sítíróò tí wọ́n fi ìṣáná jó. Ibì kan ti lẹ̀ mọ́ ara ọmọ náà, nígbà tá a máa ṣí i, ó bó awọ dání. Àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ofaróòlù kọ́tìnì tá a ń lò tẹ́lẹ̀, tí iná bá ta sí i, á jó díẹ̀, etí ibẹ̀ á dúdú, wàá gbọ̀n ọ́n, á di eérú, kì í lẹ̀ mọ́ èèyàn lára.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ra àtúnlò o. Pẹ́ńtà lè wọ̀ ọ́, ẹni tó ń lẹ táìlì lè wọ̀ ọ́, ẹni tó ń gbé ẹrù fún kọ́sítómà náà, ó máa ń tètè gbẹ, kì í sì í tètè ya. Àwọn tí iná ń ta sí lára ló yẹ kó jìnnà sí i: jórinjórin, panẹbítà, alágbẹ̀dẹ. Kọ́tìnì tó nípọn tàbí awọ ni tiwọn. Àwọn kan á wá ní ṣebí òwú oko ni kọ́tìnì, kò sí láburú tó ń ṣe fáyé. Ó ń ṣe é o. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé ẹ̀wù penpe kan ṣoṣo máa ń gba omi tó nǹkan bíi líta 2,700 kó tó di ẹ̀wù, ká má tíì sọ ti oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí òwú lóko. Tó o bá wá ra kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ya lóṣù méjì, gbogbo omi yẹn ti dà nù. Ohun tí èmi wá rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí nǹkan pẹ́ lára ẹni ló ju gbogbo ewé tí wọ́n yà sí i lọ: kó ṣeé lẹ̀, kó ṣeé rán, kí ẹlòmíì tún lè gbà á wọ̀. Àwọn bàbá wa mọ èyí, kíjìpá ni wọ́n ń wọ̀ lọ sóko, ó nípọn, ẹ̀gún ò rí i gbé ṣe. "Àgbà tí ò lófì, kó rọ́jú ra kíjìpá", wọ́n ò ní kó lọ ra èyí tó máa ya lọ́la.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú ti wọlé. Mo mọ bí ọjà ṣe rí báyìí, owó ò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣírò páànù. Ìbọ̀wọ́ tó ń lo ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́jọ lẹ máa rà lóṣù méjì, èyí tó lo oṣù méjì gbáko, tí owó ẹ̀ bá tiẹ̀ tó ti mẹ́ta, ẹ ti jèrè, pàǹtí yín sì jẹ́ ọ̀kan dípò mẹ́jọ. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó máa pẹ́ nìyí: ẹ wo ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ náà, tẹ́ ẹ bá rí àwòrán òòlù kékeré kan pẹ̀lú EN 388, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń dán ìbọ̀wọ́ wò, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe lè fara dà á tí nǹkan bá ń ha á, 4 ló lágbára jù níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nílò 3 tàbí 4. Ti bùùtù, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní ISO 20345 ni kẹ́ ẹ wá, ìyẹn fi hàn pé irin tàbí ike líle tó wà níwájú ẹ̀ ti gba ìdánwò ìlù 200 joule (joule ni wọ́n fi ń wọn agbára ìlù náà). Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n rán àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó wù yín ju èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ lọ, torí ṣúmékà lè tú u kó pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀, kí awọ òkè ṣì máa wúlò fún yín.

Ẹnì kan sọ fún mi pé tó bá jẹ́ ti ká lò ó pẹ́ ni, òkìrìkà ló dáa jù nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ofaróòlù, ṣòkòtò kọ́tìnì, jákẹ́ẹ̀tì, ẹ ra òkìrìkà wọn dáadáa, ẹ ṣáà yẹ orúnkún àti abẹ́ abíyá wò. Bùùtù ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ fún. Mo ra tòkúnbọ̀ kan rí, awọ ẹ̀ ń dán bí ẹni tí ò tẹlẹ̀ rí, ọjọ́ kejì tí mo wọ̀ ọ́ gun òkè ilé lọ kan páànù, àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rún wúruwùru bíi bíréèdì tó ti gbẹ, ó ń já bọ́ sórí páànù tí mo dúró lé, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀. Ọlọ́run ló yọ mí. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé irú àtẹ́lẹsẹ̀ oníke tí wọ́n ń pè ní PU, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó bá ti wà nínú ilé ẹrù lọ́dún mélòó kan, kódà kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ rí, inú ẹ̀ á ti bàjẹ́ kójú tó rí i. Torí ẹ̀, ẹ tẹ bùùtù yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi èékánná tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, tó bá sán tàbí tó rún, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Akoto àti bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń so ara mọ́ òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra tòkúnbọ̀ ìyẹn láéláé. Ẹ ò mọ̀ bóyá nǹkan ti já lu akoto yẹn rí, tàbí bóyá bẹ́líìtì yẹn ti gba ẹnì kan dúró níbi tó ti ń já bọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì máa ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Akoto tuntun pàápàá, ẹ yí i padà: nínú etí ẹ̀, wọ́n sábà máa ń tẹ àmì róbótó kan síbẹ̀ tí nọ́ńbà 1 sí 12 yí ká, ọfà kan máa nà sí oṣù tí wọ́n ṣe é, ọdún á wà láàárín. Ike ni akoto, oòrùn ń jẹ ẹ́, tí àwọ̀ ẹ̀ bá ti ṣá tó sì ń ṣe ẹfun lọ́wọ́, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà o, tínà inú ọ̀dà lè sọ ike di aláìlágbára. Tó bá jẹ́ okùn inú ẹ̀ nìkan ló gbó, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta okùn lọ́tọ̀, ẹ ò ní láti ju odindi akoto nù.

Ọ̀rọ̀ lébẹ̀ẹ̀lì, ìyẹn àmì tí àwọn àjọ tó ń yẹ aṣọ wò máa ń fọwọ́ sí, ò gùn. Aṣọ tí wọ́n kọ OEKO-TEX Standard 100 sí, kẹ́míkà tó lè pa awọ ara lára ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún, kò sọ fún yín pé bí wọ́n ṣe gbin òwú ẹ̀ dáa. GOTS ló sọ ìyẹn, ó kéré tán ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún òwú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n gbìn láìsí kẹ́míkà oko. GRS ni ti àtúnlò. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sọ pé aṣọ náà á gbà yín lọ́wọ́ iná tàbí irin, ẹ sì wá àmì ti ààbò lọ́tọ̀. Ewé tí wọ́n kàn yà sí i láìsí orúkọ àjọ kankan ńkọ́? Ẹni tó rán an ló yà á.

Ìbomú ló pọ̀ jù nínú ihò tí mo sọ yẹn. Ìbomú pẹlẹbẹ tá a lò nígbà kòrónà ṣì ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà ń lò sí eruku sìmẹ́ǹtì, kò dí ẹ̀gbẹ́ imú, eruku ń gba ibẹ̀ wọlé, ike náà ni wọ́n fi ṣe é, kò ṣe ààbò, kò sì jẹrà. Eruku kọnkéré àti ti táìlì tí wọ́n ń gé, silica, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta àti iyanrìn, wà nínú ẹ̀, tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ó máa ń dá ọgbẹ́ síbẹ̀ tí kò ní ìwòsàn. Ìbomú tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ojú tó sì ń sẹ́ eruku, ló kéré jù. Àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ yín ni, ẹ ra ìbomú rọ́bà tí wọ́n ń yí fílítà ẹ̀, ojú ẹ̀ á wà fún ọdún, fílítà nìkan lẹ ó máa pààrọ̀, ẹ ṣáà fá irùngbọ̀n, torí kì í dí tí irùngbọ̀n bá wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fín ọ̀dà mọ́tò, fílítà eruku nìkan ò lè dá òórùn tínà dúró, èyí tó ní ti gáàsì àti ti eruku pa pọ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè. Nǹkan kan tún wà tó ń dín eruku kù: ẹ da omi sí kọnkéré tàbí táìlì bẹ́ ẹ ṣe ń gé e, kó jẹ́ máṣíìnì tí wọ́n ṣe fún omi ni o, kí iná mànàmáná má bàa gbé yín. Eruku tí ò dìde, kò ní sọ fílítà di gbígbó.

Fífọ̀ náà ń ba nǹkan jẹ́. Mẹkáníìkì ń fi pẹtiróòlù fọ ofaróòlù, omi ẹ̀ ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kànga tí gbogbo àdúgbò ń pọn, aṣọ náà á sì tún máa gbóòórùn epo nígbà tó bá súnmọ́ iná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ má fi bílíìṣì sí aṣọ tí wọ́n fi kẹ́míkà tọ́jú kí iná má tètè ràn án, bílíìṣì máa ń pa agbára yẹn, ó sì máa ń pa àwọ̀ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn. Inú ibòji ni kẹ́ ẹ sá wọn sí.

Èyí tó kàn wá dùn mí láti sọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ ra ohun ààbò fúnra ẹ̀. Ọmọ tí ò tíì gbowó, kí ló máa rà bí kò ṣe èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà, tàbí kó máà rà rárá? Òfin ilé iṣẹ́ nílẹ̀ wa, ìyẹn Factories Act, gbé e lé ẹni tó ni iṣẹ́ lọ́rùn pé kó pèsè aṣọ ààbò fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ẹ̀ lè pa á lára. Ẹ wọn ọmọ náà kẹ́ ẹ tó rà á, torí apá aṣọ tó gùn jù, máṣíìnì lè fà á wọlé, bùùtù tó há, kò ní wọ̀ ọ́, igun ilé ló máa wà títí tó fi máa bàjẹ́. Mo ti ń gbé kọ́tìnì fún télọ̀ kan ní Ọjà Ìgbò báyìí, ó ń rán an ní ìwọ̀n ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìlọ́po aṣọ sí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù, a ò tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn mọ́, ara aṣọ kékeré la kọ ọ́ sí tá a rán mọ́ àyà, tí ẹnì kan bá gbòmìnira, a tú u, ẹlòmíì tó bá gbà á á wọ̀ ọ́ láìsí wàhálà.

Ti jíjó èyí tó ti gbó ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó o. Kẹ́míkà chromium ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ awọ ìbọ̀wọ́ àti bùùtù, iná lè sọ ọ́ di irú èyí tó ní májèlé, èéfín rọ́bà àti pólíẹ́sítà náà ò dáa fún ẹnikẹ́ni. Ní tiwa, a máa ń yọ síìpù àti bọ́tìnnì kúrò lára ofaróòlù tó gbó, a gé ìyókù fún mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà kó fi nu ọwọ́. Ọrùn ọwọ́ ìbọ̀wọ́ awọ kì í gbó bíi ti ìka, a gé e, mo kó o fún ọ̀kan nínú àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́ nígbà tí mo lọ síbẹ̀, ó fi lẹ ibi tó ti jó lára épírọ́ọ̀nù mi. Ìyẹn ni mo wọ̀ ní Sátidé tó kọjá nígbà tá a ń gbá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, fílítà mẹ́rin àti ìbọ̀wọ́ kan ló wà nílẹ̀, a kó o sínú àpò fún àwọn tó ń kó pàǹtí, ihò yẹn, a ti dí i.