Ẹ̀rọ tó ń ka eruku ń fò sókè láàárọ̀: ṣé asẹ́ ló ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ kékeré kan nílùú Ìlọrin ni mo wà, oògùn ojú là ń ṣe. Ibi tí a ti ń rọ oògùn sínú ìgò, ISO 5 ni (ìpele kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí afẹ́fẹ́ yàrá ṣe mọ́ tó), ẹ̀rọ tó ń ka eruku kì í sì í sún mọ́ ààlà tẹ́lẹ̀. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, àwọn òwúrọ̀ kan wà tí yóò fò kọjá ààlà náà, ìyẹn 3,520 ẹyọ eruku nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, tí yóò tún sọ̀ fúnra rẹ̀. Mánéjà ní ká pààrọ̀ gbogbo HEPA, ìyẹn asẹ́ tó ń gba eruku kéékèèké kúrò nínú afẹ́fẹ́ tó ń wọ yàrá. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. HEPA tó bá ya kò mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán, eruku yóò máa gba ojú ibẹ̀ wọlé tọ̀sán-tòru. Èyí tó ń gòkè tó tún ń sọ̀, ibòmíì ni ká ti wá a.

Ẹ mú ìwé tí ẹ̀ ń kọ àkókò jẹnẹrétọ̀ sí, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ yín. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni nọ́ńbà ń fò, ẹ ti rí i nìyẹn. Fáànù ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú yàrá máa ti tìta sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ 10 sí 15 Pa (Pa ni wọ́n fi ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan) láàárín yàrá kan sí èkejì ló wọ́pọ̀. Tí fáànù bá kú, agbára yẹn á lọ, eruku ọyẹ́ á sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ìgò tó wà ní ṣíṣí nígbà náà, ẹ kó o dànù. Tí iná bá dé, ẹ má tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi hàn pé afẹ́fẹ́ ti mọ́. Kí fáànù wà lórí ínfátà ló dára jù. Mo ti rí ibi tí kọ̀ǹpútà mánéjà wà lórí ínfátà, tí fáànù kò sí níbẹ̀!

Ìbéèrè: Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ méjì nínú wọn, iná ò lọ rárá. Nǹkan bí aago mẹ́jọ ló fò.

Ìdáhùn: Ta ló ń nu tábìlì láago mẹ́jọ? Ìmọ́lẹ̀ lésà ni ẹ̀rọ yẹn fi ń kà: ohunkóhun tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá tó sì tú ìmọ́lẹ̀ ká, ó ti kà á nìyẹn. Ẹ̀kán sípíríìtì tí ẹ fín sáfẹ́fẹ́, eruku ni lójú rẹ̀. Ẹ fi sípíríìtì rin aṣọ ìnutábìlì níbi tó jìnnà sí ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ tó fi nu tábìlì.

Ìbéèrè: Bó bá wá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń purọ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi asẹ́ kékeré tó bá a wá sí i lẹ́nu, ẹ tàn án. Òdo ló yẹ kó kà, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Ẹ wo rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú: tó bá gùn tàbí tó bá ká kọ́rọkọ̀rọ, àwọn eruku ńlá, máíkírọ́ọ̀nù 5 sókè (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà ni máíkírọ́ọ̀nù kan), á lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, nọ́ńbà á wá dára ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ń fò lọ.

Tí gbogbo èyí ò bá sí níbẹ̀, ẹ pe àwọn tó ń yẹ HEPA wò bóyá ó ń jò. Àmọ́ asẹ́ òde, èyí tí afẹ́fẹ́ ìta kọ́kọ́ ń gbà kọjá, ẹ pààrọ̀ ìyẹn lásìkò ọyẹ́ láìdúró dìgbà tí wàhálà bá dé. Òun ni eruku ń dí, owó rẹ̀ ò sì tó ti HEPA.