Bẹ́ ẹ ṣe lè gbin oúnjẹ ẹran sáàárín igi eléso tí ọ̀kan ò ní pa ìkejì

Ilẹ̀ tó wà láàárín igi eléso kúkúrú yẹn, ẹ má fi ṣòfò. Tẹ́ ẹ bá gbin gúáfà tàbí òroǹbó wẹ́wẹ́ ní mítà 3 sí 4 síra wọn, ó máa ń pẹ́ kí ẹ̀ka wọn tó fẹjú, láàárín ìgbà yẹn oòrùn á máa jó ilẹ̀, èpò á gbà á, òjò á sì máa wọ́ ojú ilẹ̀ lọ. Oúnjẹ ẹran ló yẹ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi lonílé o, koríko ni àlejò.

Ẹ jẹ́ kí igi mú ilẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbin koríko. Yí ìdí igi kọ̀ọ̀kan ká, ẹ fi àyè tó tó mítà 1 sílẹ̀, ẹ má gbin nǹkan kan síbẹ̀, koríko gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi bò ó, kó má sì kan ara igi torí èèpo ìdí ẹ̀ lè rà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti gbìn ni àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà, bíi stylo. Bakitéríà tó ń gbé inú kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò wọn máa ń gba náítírójìn, ìyẹn ọ̀kan lára oúnjẹ ewéko, látinú afẹ́fẹ́, tí ewé àti gbòǹgbò yẹn bá wá jẹrà, ilẹ̀ á jèrè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ rọra hú ọ̀kan, ẹ la kókó yẹn sí méjì, tí inú ẹ̀ bá pọ́n díẹ̀, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Èèpo irúgbìn stylo le gan-an, ẹ fi sáńpépà rá a díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Èyí tó bá ń fà bíi mucuna, ẹ má gbìn ín sáàárín rárá, ó máa gun igi bo ewé ẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, eèsún náà máa ń mu omi púpọ̀, etí oko ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí.

Gígé oúnjẹ ẹran yìí gan-an ni iṣẹ́. Tó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó, ẹ gé e, kẹ́ ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sílẹ̀ kó lè tún rú. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ẹ má jẹ́ kó ga, omi tó wà nílẹ̀ ò tó wọn pín.

Jọ̀ọ́, ẹ má tú ewúrẹ́ sínú oko yìí, wọ́n á bó èèpo igi jẹ, igi á sì kú. Ẹ gé e lọ bá wọn nílé. Tó bá jẹ́ clover tàbí alfalfa tútù, àwọn náà jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà, ẹ má kó o fún ẹran tí ebi ń pa, inú ẹ̀ lè wú kó sì kú, ẹ jẹ́ kó rọ díẹ̀, kẹ́ ẹ po koríko mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fín oògùn tó ń pa olú tó ń ba igi jẹ́, èyí tó ní kọ́pà (bàbà) nínú, sára igi, ẹ má gé koríko abẹ́ ẹ̀ fún àgùntàn o! Kọ́pà tètè máa ń pa àgùntàn ju ẹran yòókù lọ.

Gbogbo ewé tẹ́ ẹ ń kó lọ yẹn, potáṣíọ̀mù ilẹ̀, tóun náà jẹ́ oúnjẹ ewéko, wà nínú ẹ̀, àwọn kókó gbòǹgbò ò sì lè dá ìyẹn padà. Torí náà ìgbẹ́ ẹran gbọ́dọ̀ padà sóko, ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa ná, kẹ́ ẹ wá dà á sábẹ́ ibi tí ẹ̀ka nà dé, kì í ṣe ìdí igi.