Gíà mi ń yọ̀, wọ́n ní ó ti kú: bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbà kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀

Camry 1999 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnì 2.2, gíà ọ́tò A140E. Ọkọ̀ ti dàgbà ṣùgbọ́n kì í yọ mí lẹ́nu, àfi ìgbà tó di pé tí mo bá ń gun òkè Mápó láti Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, tó bá ti fẹ́ kúrò ní gíà 2 bọ́ sí 3 báyìí, ẹ́ńjìnì á kàn máa ké, RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á fò láti 2,500 lọ sí 4,000, ọkọ̀ ọ̀hún ò sì ní yára ju bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ kì í ṣe é, ó di ìgbà tó bá gbóná.

Mọkálíìkì tó ń bá mi ṣe ẹ́ńjìnì wà á lọ wà á bọ̀, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, gíà yín ti kú o, ẹ jẹ́ ká lọ ra tòkunbọ̀ ní Àràrọ̀mí." Mo ní mo gbọ́. Owó ẹ̀ ò sí nílẹ̀, àti pé gíà tòkunbọ̀ náà, ta ló mọ ojú tó rí nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́? Ẹ ò ní mọ̀ títí wọ́n á fi dè é tán.

Ọ́ìlì ni mo kọ́kọ́ wò. Ti gíà yìí kì í ṣe bíi ti ẹ́ńjìnì tí a ń fà gééjì ẹ̀ nígbà tó bá ti sùn o. Mo wà á kiri títí ó fi gbóná, mo páàkì síbi tó tẹ́jú, mi ò pa ẹ́ńjìnì, mo tẹ brẹ́ẹ̀kì, mo fa gíà láti P dé L mo tún dá a padà sí P, ìgbà yẹn ni mo tó fa gééjì yọ, mo nù ún, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á. Ọ́ìlì pé, ó wà níbi tí wọ́n kọ HOT sí, ṣùgbọ́n pupa ẹ̀ ti ṣí, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo gbóòórùn ẹ̀, kò rùn bí nǹkan tó jó. Ká ní ó dúdú tó sì ń rùn ni, á jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀, ìyẹn àwọn àwo tó ń di ara wọn mú kí gíà lè gbé ọkọ̀, ló ti ń jó, tó bá sì ti funfun, omi rédíétọ̀ ló ti wọ ibẹ̀, ìyẹn sì burú jàì.

Iná O/D OFF tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tó máa ń ṣẹ́jú tí gíà bá ní wàhálà, ò ṣẹ́jú, wọ́n fi ẹ̀rọ scan wò ó náà, kò sí P0750, kò sí P0755, ìyẹn kóòdù tó máa ń jáde tí solenoid (fáàfù kékeré oníná inú gíà) bá ní wàhálà. Ó dáa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná mànàmáná.

Bàbá kan wà lọ́nà Ìwó Road tó jẹ́ pé gíà nìkan ni wọ́n ń ṣe, ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé e lọ. Wọ́n ní kí n fa hándíbrẹ́ẹ̀kì, wọ́n fi òkúta dí táyà, kí n tẹ brẹ́ẹ̀kì mọ́lẹ̀ pátápátá, kí n fi í sí D kí n wá tẹná (accelerator) dé ìsàlẹ̀, ká wo ibi tí RPM máa dúró. "Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ o, ẹ má jẹ́ kó jó mọ́ wa lọ́wọ́!" RPM lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. A fi sí N kó sinmi, a tún ṣe é ní R, bákan náà ni. Ni bàbá bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tó bá ṣe pé D nìkan ló ṣe é, kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbé e lọ síwájú ló ti jẹ, tó bá ṣe pé R nìkan, ti ẹ̀yìn ni, àmọ́ tó bá ń ṣe é níbi méjèèjì, ọ́ìlì ni kò lágbára tó, "àbí ṣé kílọ́ọ̀ṣì méjì jọ ṣàdéhùn ni?"

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tọ́ka sí wáyà kan lára throttle body (ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì), lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà accelerator gan-an. Wáyà yìí ló ń jẹ́ kí gíà mọ bí ẹsẹ̀ wa ṣe wúwo tó. Tó bá ti dẹ̀, gíà á rò pé jẹ́jẹ́ lẹ̀ ń lọ, kò ní fún ọ́ìlì lágbára, kílọ́ọ̀ṣì ò sì ní lè dì mọ́ra, pàápàá lórí òkè. Irin kékeré kan wà lára wáyà ọ̀hún, àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ àti ẹnu rọ́bà ò yẹ kó ju 1 mm lọ, tèmi fẹ̀ tó ìka. Wọ́n ti fọ throttle body yẹn nígbà kan tí mo ṣe sáfíìsì, ó jọ pé ẹni tó dè é padà ò fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ méjèèjì.

Wọ́n fún wáyà náà padà bó ṣe yẹ. Mo ní kí wọ́n bá mi tú pan náà, ìyẹn abọ́ irin ìsàlẹ̀ gíà, torí ibẹ̀ ni òótọ́ máa ń wà. Màgínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ ní ẹrẹ̀ eérú lára, ìyẹn ò léwu, kò sí irin tó ń dán. A pààrọ̀ asẹ́ àti gásíkẹ́ẹ̀tì, a da ọ́ìlì gíà Dexron III sí i.

Mo gun Mápó lọ́sàn-án gangan, mo gbé èèyàn mẹ́rin sínú ọkọ̀, 2 bọ́ sí 3, ẹ́ńjìnì ò ké. Bàbá ṣá sọ pé àwọn ò lè búra fún kílọ́ọ̀ṣì tó ti ń yọ̀ látọjọ́ yìí, ká máa wò ó. Ọ́ìlì tó dà jáde náà ò ju bíi lítà 2 àti ààbọ̀ lọ, ìyókù ṣì wà nínú converter (ohun tó so ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ gíà), nítorí náà mo ti ra òmíràn sílẹ̀, tí mo bá ti wà á díẹ̀ sí i a óò tún pààrọ̀ ẹ̀.